Àgbàdo Pupa Ọnọ́rébù

Àkùkọ Àmúdà kì í ṣe ẹgbẹ́ àkùkọ. Bí ó bá kọ ní agbo ilé Onílẹ̀kẹ̀ ní Ìwó, àwọn ará Kuta a dìde, wọn a bu omi sí búútà, wọn a ní àsùbáà ti tó. Àkùkọ ọ̀hún ni Fàsílátù, ìyàwó Àmúdà, bá lẹ́yìn ilé ìdáná láàárọ̀ ọjọ́ náà, tó ń rìn bí ẹni tó ti ìdí ẹmu bọ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó gbàgbé ti òsì. Ó na ọrùn pé òun fẹ́ kọ, ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kò tó ti ẹ̀fọn. Ó fi ìyẹ́ gbálẹ̀ yíká, ó ṣubú, ó nà gbọnrangandan. Àgbébọ̀ méjì ti nà ṣáájú rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì èèrí ògì tí Fàsílátù sẹ́ lánàá.

"Bàbá Sodiqat! Bàbá Sodiqat o! Ẹ wá wo àkùkọ yín!"

Àmúdà jáde tòun ti pákò lẹ́nu àti fìlà ẹgbẹ́ òṣèlú lórí. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi í ṣe olórí ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù wọn, ó jọ pé fìlà náà ti ta gbòǹgbò wọ agbárí rẹ̀. Ó ń fi í sùn. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó ṣì kéré kò mọ̀ pé bàbá àwọn ní irun.

Ó wo àkùkọ, ó wo àgbébọ̀, ó tutọ́ pákò.

"Lúkúlúkú ni."

"Lúkúlúkú wo?"

"Lúkúlúkú inú ọyẹ́. Ọdún wo ni ọyẹ́ dé tí adìẹ kì í kú?"

"Adìẹ Ìyá Ismaeel ń jẹ̀ kiri lójúde níbẹ̀ yẹn, ara wọ́n le kankan. Tiwa tó jẹ èèrí nìkan ni lúkúlúkú mọ ojúlé rẹ̀?"

Àmúdà yọ pákò lẹ́nu. "Ìyá Sodiqat, mo mọ ibi tí o ń lọ. Má dé ibẹ̀."

Ibẹ̀ gan-an ni Fàsílátù ń lọ. Àgbàdo tí wọ́n fi ṣe ògì yẹn, àgbàdo Ọnọ́rébù ni. Ọládépò ni orúkọ ọkùnrin náà. Wọn kò tíì dìbò, kò tíì wọlé, ṣùgbọ́n Ọnọ́rébù ló ní kí gbogbo ayé máa pe òun, bí ọkùnrin tí kò tíì láya tó ń jẹ́ Bàbá Ìbejì. Ìbò ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ààwẹ̀ Ràmàdáánì ti dé àárín, oúnjẹ sì wọ́n lọ́jà débi pé eku inú ilé ń gbààwẹ̀ láìṣe Mùsùlùmí. Nínú ìyà yẹn ni ọkọ̀ Ọnọ́rébù wọ àdúgbò, àpò àgbàdo ga lẹ́yìn rẹ̀ bí òkè, Mùrí agbẹnusọ wọn sì ń bẹ lókè àpò pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn:

"Ẹ̀yin ará Onílẹ̀kẹ̀, ẹ kú ààwẹ̀, ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú owó tí kò sí! Bàbá yín ló ní ká kí yín! Àgbàdo ìlú òyìnbó rèé! Ẹ má bẹ̀rù pupa ara rẹ̀, fítámì ni! Ẹni bá mu ògì rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a dọ̀tun! Arúgbó tó bá mu ún, kó yáa fi ọ̀pá rẹ̀ dáná!"

Tọmọdé tàgbà ló gba àgbàdo. Agbo ilé tí kò bá ní ìkòkò tó ń rẹ àgbàdo pupa lọ́sẹ̀ náà, ẹgbẹ́ kejì ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n ògì Fàsílátù ni wọ́n yàn fún ìṣínu tòní, nítorí Ọnọ́rébù fúnra rẹ̀ ló ń bọ̀ wá bá wọn ṣínu lójúde Àmúdà. Àdúgbò mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń ṣe ògì bíi Fàsílátù. Ẹni tó bá mu ògì rẹ̀ láàárọ̀, títí ọ̀sán ni yóò máa lá ètè bí ewúrẹ́ tó rí iyọ̀. Ahọ́n rẹ̀ sì jẹ́ àbàmì. Bí ó bá fi ìka kan tọ́ ògì wò, yóò sọ fún ọ bóyá oko Kuta ni àgbàdo náà ti wá tàbí oko Ilé-Ogbó, yóò sì fi kún un pé olóko náà bá ìyàwó rẹ̀ jà lọ́jọ́ tó ń gbìn ín.

Ahọ́n ọ̀hún ni ààwẹ̀ tì pa. Ó rẹ àgbàdo, omi rẹ̀ pọ́n bí omi osùn. Ó fọ̀ ọ́, ó fọ̀ ọ́, títí omi kànga wọn fi ń bẹ̀bẹ̀. Pupa náà kò lọ. Ó ń wo ògì, ahọ́n ń yún un, kò sì gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Gbogbo obìnrin àdúgbò, bákan náà ni. Oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi ẹnu kàn ni gbogbo ìlú fẹ́ gbé mì lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí ládánì bá pè.

"Kòkòrò kò jẹ ẹ́," Fàsílátù wí. "Láti ọjọ́ tí àpò náà ti wà nílẹ̀, ọ̀kan kò lu. Kòkòrò tó ń jẹ àga ìyá yín!"

"Fi àga ìyá mi sílẹ̀."

"Adìẹ tó ń gbé òkúta mì tí nǹkan kan kì í ṣe é, àgbàdo ló wá pa á?"

"Mo ní lúkúlúkú ni! Ṣé kí n wá dúró níwájú Ọnọ́rébù lálẹ́ yìí kí n ní ìyàwó mi ní àgbàdo tí ẹ fún wa pa adìẹ? Èmi olórí wọ́ọ̀dù?"

Ràhámọ̀tù, Ìyá Ismaeel, yọ orí lókè ògiri. Ìjà kì í ṣẹlẹ̀ ní Onílẹ̀kẹ̀ kí orí Ràhámọ̀tù má yọ. Àwọn kan ní orí ògiri ni wọ́n bí i sí.

"Kí ló dé, ẹ̀yin tọkọtaya? Ààwẹ̀ lẹ ń gbà o, ẹ má jẹ́ kó bàjẹ́."

"Adìẹ wa ló kú," Fàsílátù wí.

"Áà, lúkúlúkú!" Ràhámọ̀tù mi orí. "Ọyẹ́ tọdún yìí le."

Àmúdà na ọwọ́ sí i bí ẹni pé adájọ́ ló ń fi hàn. "Ṣé o gbọ́?"

Fàsílátù kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ìgbà tó ń sọ̀rọ̀ kọ́ ló yẹ kéèyàn bẹ̀rù rẹ̀. Ó wa ilẹ̀, ó sin àwọn adìẹ kí ajá má baà jẹ wọ́n, ó kó gbogbo èèrí dà lé wọn lórí, ó fọwọ́, ó wé gèlè.

"Níbo?" Àmúdà bi í.

"Mo fẹ́ lọ kí Badiru."

"Kí o tètè dé. Ògì gbọ́dọ̀ ti gbóná kí Ọnọ́rébù tó dé."

Badrudeen, tí wọ́n ń gé kúrú sí Badiru, ni àbúrò Fàsílátù, ọmọ ìyá rẹ̀. Ó ti Ìbàdàn dé pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kan tó tóbi bí àpótí aṣọ ìyàwó, ó sì yá ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá títì, ó kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé Íńtánẹ́ẹ̀tì wà níbí. Jẹnẹrétọ̀ tó ń bọ́ ẹ̀rọ náà ń pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọlọ́jà tó wà nítòsí fi ń fi ọwọ́ nájà bí odi. Wáyà fóònù ló fi so kọ̀ǹpútà mọ́ gbogbo ayé. Bí ó bá sì ń pe ayé, a máa ké bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù mọ́lẹ̀.

Badrudeen dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀ o, ẹ kú ààwẹ̀."

"Dìde, Badiru. O ní ẹ̀rọ rẹ yìí mọ gbogbo ohun tó wà láyé?"

"Gbogbo ẹ̀ pátá. Tó fi mọ́ iye irun tó wà ní imú ọba òyìnbó."

"Bá mi bi í pé kí ló wà lára àgbàdo Ọnọ́rébù."

"Ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe fẹ́ kí n bi í. Èmi ó tẹ̀ ẹ́ wọlé lédè òyìnbó."

Fàsílátù tún gèlè wé. Ó fa ìjókòó súnmọ́ ẹ̀rọ náà, ó sì tẹ orúnkún díẹ̀. Ẹni tí a kò mọ ọjọ́ orí rẹ̀, àgbà ni kéèyàn kà á sí. A kì í sì í já wọlé àgbà kí á máa bi í ní ìbéèrè bí ọlọ́pàá.

"Kọ pé: Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará Íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìgbòkègbodò. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Aya ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọlọ́run yóò wo gbogbo wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé a yọ yín lẹ́nu. Àgbàdo kan ni wọ́n fún wa tó pọ́n. Ẹ bá wa wò ó. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kó rẹ̀ yín."

Ọmọ tí wọ́n kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni Badrudeen. Ó tẹ gbogbo rẹ̀ láìyọ ẹyọ kan. Ológbò inú kọ̀ǹpútà ké, ó dákẹ́, ó tún ké. Wọ́n dúró. Èèyàn lè ti ibẹ̀ lọ sí Mẹ́kà kó sì dé kí ojú ewé kan tó ṣí tán.

"Kí ló sọ?" Fàsílátù bi í.

Badrudeen fọwọ́ ra irùngbọ̀n. "Ó ní òun rí ọ̀kẹ́ àìmọye. Káàdì ìkíni ọdún. Òtẹ́ẹ̀lì kan tó ń kí àwọn àlejò rẹ̀ káàárọ̀. Pásítọ̀ kan tó ń gbàdúrà. Òyìnbó kan tó ń wá ìyàwó."

"Ta ló bi í ní ti ìyàwó?"

"Ẹ ní kó bá wa kí aya rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Fàsílátù wo ẹ̀rọ náà tìyanu-tìyanu. "Kò mọ èwo ni ìkíni yàtọ̀ sí èwo ni ọ̀rọ̀?"

"Kò mọ̀ ọ́n. Gbogbo ohun tí a bá jù sí i ló máa ń ṣà jẹ, bí adìẹ. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló fẹ́. Ọ̀rọ̀ tó ṣọ̀wọ́n, tí kì í sí lẹ́nu gbogbo èèyàn."

"Á jẹ́ pé a ò gbọdọ̀ kí i."

"A kì í kí i."

Ọ̀rọ̀ yìí ṣòro fún obìnrin náà ju ààwẹ̀ lọ. Ó ti kí wèrè rí, ó ti kí olè tí wọ́n dè mọ́lẹ̀, ó ti kí ẹni tó kọ̀ láti dá a lóhùn fún odindi ọdún kan. Ó mí kanlẹ̀. "Kí Ọlọ́run foríjì mí. Kọ pé: àgbàdo pupa."

Ológbò ké. Lọ́tẹ̀ yìí òdòdó ló jáde, àti gúgúrú tí wọ́n fi ṣúgà pupa bò fún àwọn ọmọ òyìnbó, gúgúrú, gúgúrú, títí ìsàlẹ̀.

"Lé gúgúrú jáde," Fàsílátù wí.

Badrudeen rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ṣeé lé o! Àmì ìyọkúrò yẹn, èyí tí tíṣà máa ń kọ sí ìṣirò, a ó fi síwájú gúgúrú. Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti lọ. Ẹ jẹ́ n tún so àgbàdo àti pupa pọ̀. Tí mo bá fi àmì wínníwínní yìí síwájú wọn, tí mo fi òmíràn sẹ́yìn, wọn ò lè pínyà mọ́. Bí ewúrẹ́ méjì lórí okùn kan."

"Dúró ná." Fàsílátù di ojú. Bí ọpọlọ obìnrin yìí bá ń ṣiṣẹ́, jẹnẹrétọ̀ gan-an a rẹ ohùn sílẹ̀. "Àgbàdo tí kòkòrò kò lè jẹ, ta ni yóò tọ́jú irú rẹ̀? Kì í ṣe ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́. Ẹni tó fẹ́ gbìn ín ni. Má bi í ní jíjẹ mọ́. Kọ pé irúgbìn. Irúgbìn àgbàdo, pupa, kí nìdí."

Badrudeen wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ kọ̀ǹpútà ní Ìbàdàn, kò sí ọ̀gá kan tó kọ́ ọ pé kéèyàn kọ́kọ́ ro ta ló ni ọ̀rọ̀ kó tó wá ọ̀rọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́.

Ojú ewé àkọ́kọ́ ń ṣí láti òkè wá sísàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ìyàwó tuntun tó ń ṣí ìbòjú. Badrudeen fò sókè. "Ó dáa! Ẹ gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ó ní irúgbìn yìí ló dára jù lọ láyé!"

"Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

"Ilé iṣẹ́ kan."

"Kí ni wọ́n ń ṣe?"

"Àwọn ló ń tà á."

"Ta ló ń pe ọbẹ̀ tirẹ̀ ní kíkan? Kọjá lọ́dọ̀ wọn. Wá ẹni tí kò rí nǹkan jẹ nínú rẹ̀."

Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ló tẹ̀lé e, àwọn tó ń kọ́ àgbẹ̀ níṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Badrudeen ń kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. "Ó ní irúgbìn tí wọ́n bá ti fi oògùn apakòkòrò pa lára ni wọ́n máa ń kùn láwọ̀... Ó ní pupa náà kì í ṣe oògùn o. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kùn ún ni, kí ẹni tó bá rí i lè mọ̀ pé kì í ṣe jíjẹ."

Fàsílátù tún fa ìjókòó súnmọ́ ẹ̀rọ sí i.

"Ó ní ẹ má fún èèyàn jẹ. Ẹ má fún adìẹ..." Badrudeen gbójú kúrò lára ẹ̀rọ, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Kà á tán."

"Ó ní fífọ̀ kì í mú un kúrò."

"Ẹlẹ́rìí kan kò tó dájọ́. Wá òmíràn, ẹni tí kò mọ ti àkọ́kọ́ rí."

Ó wá a. Ará Kẹ́ńyà ni ẹlẹ́rìí kejì, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì jáde lẹ́nu rẹ̀. Ibẹ̀ ni fóònù já, tí kọ̀ǹpútà sì dákẹ́. Kò tún burú. Ọ̀rọ̀ ti tán.

"Ẹ jẹ́ n pe ayé padà, kí n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé fún bàbá Sodiqat," Badrudeen wí.

"Ìwé wo? Ìwé tí Ọnọ́rébù lẹ̀ mọ́ ògiri wa ti pọ̀ ju ògiri lọ. Wọn ò ní gba ìwé tiwa gbọ́ ju tirẹ̀ lọ."

Epo bẹntiróòlù kò sí nílùú. Ọlọ́kadà tó bá gbé èèyàn lọ́jọ́ yẹn, ọba ni. Fàsílátù fẹsẹ̀ rìn. Oòrùn inú ọyẹ́ ń jó bí ìbínú ìyá ọkọ, itọ́ gbẹ lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń rántí Mùrí lórí àpò. Ó mú ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà, ó yọ ẹ kú ààwẹ̀ kúrò, ó yọ ẹ kú ọyẹ́, ó yọ bàbá yín ló ní ká kí yín. Ó yọ òyìnbó. Ó yọ arúgbó tòun ti ọ̀pá. Fítámì ni nìkan ló kù nílẹ̀. Ó bi ara rẹ̀ pé ta ló sọ ọ́. Ẹni tó ń tà á ni. Ó tún mú ọ̀rọ̀ gbogbo olóṣèlú tó ti gun orí àpò láti ìgbà tó ti dáyé, ó ń yọ ìkíni wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí yóò fi dé ojúde Onílẹ̀kẹ̀, kò rí ohun tó lè kún ọwọ́ ọmọdé.

Ìkòkò ògì ti wà lórí iná. Àmúdà ti ní kí Ràhámọ̀tù bá òun rò ó, Ràhámọ̀tù sì ń fi orógùn rò ó bí ẹni ń wa ọkọ̀ ojú omi. Ògì náà pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó ń hó, òórùn rẹ̀ ń ta sánsán. Fàsílátù kò kí ẹnikẹ́ni. Ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ já àwọn èèyàn láyà.

"Bàbá Sodiqat, oògùn kòkòrò ló wà lára rẹ̀. Àgbàdo gbígbìn ni. Wọ́n kùn ún kí èèyàn má baà jẹ ẹ́ ni."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mo bi kọ̀ǹpútà Badiru."

Ẹ̀rín bú lójúde. Àmúdà kò rẹ́rìn-ín. "Ọnọ́rébù tí a mọ bàbá rẹ̀, tí a mọ ilé rẹ̀, o ò gbà á gbọ́. Irin tí kò ní bàbá lo gbà gbọ́."

"Irin náà kò ní kí n dìbò fún òun."

"Ebi ni," Ràhámọ̀tù wí pẹ̀lú àánú. "Ó máa ń ṣe èmi náà bẹ́ẹ̀ tí àlàásárì bá ti kọjá. Lánàá mo rí òkú ìyá mi, ó ń jẹ mọ́ínmọ́ín."

Fàsílátù na ọwọ́ sí ìkòkò. Àmúdà dúró síwájú rẹ̀. Kò pariwo.

"Bí o bá da ìkòkò yìí nù níwájú àwọn èèyàn yìí, kí o bá a dà kúrò nílé mi."

Ẹ̀rín dúró. Àwọn àgbà wo ilẹ̀. Obìnrin tó ti bímọ fún ọkùnrin, tó ti bá a rán agbádá tó fi ń ṣe olórí, wọ́n ní kó bá omi ògì dà. Ẹnì kan wúkọ́.

Fàsílátù mú ọwọ́ kúrò. Kì í ṣe ẹ̀rù ló mú un. Ó wo àwọn ojúlé yíká, ó sì rí i pé bí òun bá da ìkòkò yìí, ìkòkò kan ni òun dà. Èyí tó ń rẹ lọ́wọ́ lábẹ́ ibùsùn gbogbo wọn ń bẹ níbẹ̀. Wọn yóò ní ìyá Sodiqat ya wèrè lọ́jọ́ kan, wọn yóò sì lọ̀ ti ara wọn lọ́jọ́ kejì.

"Mo ti gbọ́, Bàbá Sodiqat," ó wí. "Ẹ má bínú."

Oòrùn ti fẹ́ wọ̀ kí ọkọ̀ Ọnọ́rébù tó dé, àpò àgbàdo ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọnọ́rébù bọ́ sílẹ̀ nínú agbádá funfun kan tó fẹ̀ tó láti fi bo orí mọ́ṣáláṣí, Mùrí sì tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ládánì pè. Wọ́n fi dàbínù àti omi ṣínu, wọ́n kírun, wọ́n jókòó sórí ẹní. Ọnọ́rébù sọ̀rọ̀. Ó kí ọkùnrin, ó kí obìnrin, ó kí olóògbé, ó kí ọmọ tí wọn kò tíì lóyún rẹ̀. Ó ní omi ẹ̀rọ ń bọ̀, iná ń bọ̀, títì ń bọ̀. Àwọn ọmọdé ń wo ìkòkò ògì.

Kí ẹnikẹ́ni tó na abọ́, Fàsílátù ti bu àkọ́bù. Ó gbé e lọ́wọ́ méjèèjì, ó wá kúnlẹ̀ síwájú Ọnọ́rébù.

"Ọmọ Ọládépò, ẹ kú àbọ̀. Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìtọ́jú aláìní. Àgbàdo yín rèé, ọwọ́ mi ló lọ̀ ọ́. Ní ilé tiwa, àlejò ni í fi ẹnu kàn án kí onílé tó bù. Kò sí ọmọ kan tí yóò mu ún àyàfi tí ẹ bá mu."

Inú Àmúdà dùn débi pé ó kúrò ní ìjókòó. Ó rò pé aya òun ti tún inú rò.

Fàsílátù gbójú sókè wo ojú ọkùnrin náà. Ó ti rò pé òun yóò rí ìfòyà níbẹ̀, pé yóò ní inú ń run òun, pé dókítà ní kí òun má mu ògì, kí gbogbo ayé sì rí i. Kò rí nǹkan kan. Ọnọ́rébù rẹ́rìn-ín, ó gba abọ́. Kò mọ̀! Ọkùnrin tó pín májèlé yí àdúgbò ká kò mọ ohun tó pín, kò sì bi ẹnikẹ́ni rí.

"Bísímílà," ó wí, ó gbé e sẹ́nu.

Fàsílátù na ọwọ́ kí ó gbà á padà. Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì débẹ̀ nígbà tí ọwọ́ mìíràn ti ẹ̀yìn wá, gbàá! Abọ́ fò, ògì pupa tú sí agbádá funfun láti àyà dé orúnkún.

Mùrí ni.

"Ọ̀gá, ẹ má mu ún! Kì í ṣe... Àgbàdo gbígbìn ni. Àwọn tó tà á fún mi ní tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ dáadáa..."

Kò parí rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ ní Ìwó ní àkókò yẹn, wọn yóò gbọ́ ọ ní Òṣogbo.

Ràhámọ̀tù ló kọ́kọ́ rí ohùn. Orógùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Mùrí. Fítámì ńkọ́?"

Mùrí fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀ sọ́nà ọkọ̀.

Ọnọ́rébù wo agbádá rẹ̀, ó wo Mùrí, ó wo àwọn èèyàn. Wọ́n dúró de ohun tí yóò tẹnu rẹ̀ jáde. Ó yọ aṣọ ìnujú, ó nu àyà.

"A óò gbé ìgbìmọ̀ kan dìde," ó wí, "láti wo ọ̀rọ̀ yìí."

Àmúdà rìn lọ sídìí ìkòkò, ó fi ọwọ́ lásán gbé e kúrò lórí iná, ìkòkò tí ọkùnrin mẹ́ta máa ń sọ pé ó wúwo, ó sì gbé e lọ sẹ́yìn ilé. Wọ́n gbọ́ tí ògì ń dà sí ṣáláńgá. Nígbà tó padà, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó. Kò wo Ọnọ́rébù. Aya rẹ̀ ló wò.

Àwọn obìnrin ti dìde. Ojúlé kọ̀ọ̀kan ń da omi pupa jáde, omi ń ṣàn lójúde bí ọjọ́ Iléyá, àwọn ìyá sì ń ké mọ́ ọmọ wọn pé kí wọ́n má tẹ ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Nínú ariwo yẹn ni Ọnọ́rébù àti Mùrí fi wọnú ọkọ̀. Ọkọ̀ náà ṣí, àpò àgbàdo tó kù ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò yà sí ọ̀nà ilé Ọnọ́rébù. Ọ̀nà Ilé-Ogbó ló kọjú sí.

Fàsílátù rí i. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó so ó le, ó bọ́ sójú títì. Kò pe ẹnikẹ́ni.

"Ìyá Sodiqat!"

Àmúdà ni, ó ń sáré bọ̀ tòun ti ọwọ́ bíbó, fìlà ẹgbẹ́ ti bọ́ lórí rẹ̀ níbì kan, kò sì yíjú wá a. Ó ya sáàárín títì níwájú ọlọ́kadà kan, ọkùnrin náà sì tẹ ìjánu tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fò kọjá orí ara rẹ̀.

"Ilé-Ogbó," Àmúdà wí. "Ọkọ̀ alápò yẹn ni kí o lé." Ó yíjú sí aya rẹ̀. "Ìwọ gun iwájú. Ìwọ lo mọ ohun tí a ó sọ fún wọn."

Fàsílátù gùn ún, Àmúdà gùn tẹ̀lé e. Bí ọ̀kadà ti ń bú ramúramù ni Ràhámọ̀tù sáré jáde, kọ́ọ̀pù omi lọ́wọ́ kan, orógùn lọ́wọ́ kejì.

"Ìyá Sodiqat, dúró! O bu fún àlejò, o ò tíì fi nǹkan kan bọnu láti àárọ̀! Mu omi!"

Lóòótọ́ ni, kò tíì mu ún. Ètè rẹ̀ ti là. Ó wo omi náà, ó wo iná ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń kéré lọ lọ́nà iwájú.

"Gbé e dè mí," ó wí. "Ilé-Ogbó ò tíì gbọ́."